Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London fẹ́ gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ sílé: ẹ bá wa dá sí i kówó tó ṣòfò

Àbẹ̀kẹ́ Peckham (Ọjọ́bọ̀, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí torí àwọn tó ti fojú rí irú rẹ̀ kò wọ́n níhìn-ín.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London ti ń dáwó jọ láti ọdún tó kọjá, owó náà sì ti lé ní £9,000. Òkè-Ògùn ni ìlú wa wà. Tí ọyẹ́ bá ti dé, omi di wàhálà nìyẹn títí òjò á fi rọ̀. Àwọn ìyàwó ilé ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ tò létí odò, ẹni tó bá pẹ́ á bá ẹrẹ̀.

Alága wa ti bá kọ́ńtírátọ̀ kan sọ̀rọ̀. Ó ní òun á gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ mẹ́ta nínú owó yẹn, òun á sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára rẹ̀ gàdàgbà. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Ìdí ni pé nígbà tí mo lọ sílé nígbà Iléyá, kànga-dẹ̀rọ méjì ni mo bá níbẹ̀. Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ọwọ́ ọ̀kan. Koríko ti bo èkejì débi pé pátákó orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ nìkan ló yọrí. Àwọn obìnrin ń gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá lára méjèèjì lọ sódò. Tí a bá wá gbẹ́ mẹ́ta sí i, ṣé kì í ṣe èèkàn ẹran la fẹ́ fi £9,000 rà? Ẹ bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́.

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́ (Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́)

Àǹtí, ẹ kú làákàyè. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa ọkọ̀ fún àjọ aláàánú kan tó ń gbẹ́ kànga káàkiri. Mi ò ní dárúkọ wọn, mo jẹun lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ máa ń gbà wá. Ẹ̀rọ á dé, wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á de ọwọ́ mọ́ ọn, ọba á jáde, àwọn òyìnbó á ya fọ́tò, ọmọdé kan á bu omi mu níwájú kámẹ́rà, a ó sì lọ. Ó di gbére. Lọ́jọ́ kan, bí ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà, mo gba ọ̀kan nínú àwọn abúlé yẹn kọjá, mo ní kí n mu omi. Ìyá kan ní, "Ẹ̀rọ yín ti kú, ọmọ mi. Ẹ ò tíì lọ tó oṣù mẹ́jọ tó fi kú." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á sókè-sódò: ó fúyẹ́ bí ilẹ̀kùn tí kò ní àgbékọ́. Mo mọ ohun tó ṣe é. Rọ́bà kékeré kan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kò fẹ̀ ju ẹnu ife lọ, òun ló ń fa omi. Tó bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ lásán lẹ ó máa fà. Owó rọ́bà náà kò tó ti adìẹ kan. Àmọ́ kéèyàn tó dé ibẹ̀, àfi kó fa gbogbo páìpù irin jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, sípánà tí wọ́n fi ń tú u sì wà ní ọ́fíìsì wa n'Ìbàdàn.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní àwọn tó ń fún wa lówó kì í fúnni lówó àtúnṣe, kànga tuntun ni wọ́n ń sanwó fún. Nínú ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sókè òkun lọ́dún yẹn, abúlé yẹn wà lára àwọn tó ti "rí omi tó mọ́ mu". Èmi ni mo gbé ìwé náà lọ fi ránṣẹ́.

Ẹnjiníà Olómi (Ọjọ́bọ̀, 10:47 alẹ́)

Kì í ṣe abúlé kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n. Ní 2009, àwọn onímọ̀ omi ìgbèríko kó ìṣirò jọ láti orílẹ̀-èdè bí 20 nílẹ̀ Áfíríkà, ohun tí wọ́n bá ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn kànga ọlọ́wọ́ ni kò ṣiṣẹ́. Ẹ fojú inú wò ó ná, kí ìdá kan nínú mẹ́ta ọkọ̀ tó wà lójú títì dákú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan!

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, irú ọwọ́ wo ló wà lórí àwọn méjì tó ti kú yẹn? Orí ìyẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní India Mark II. Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é láàárín 1970 sí 1980, àjọ UNICEF sì ló gbé e kiri ayé. Irin gidi ni, kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́ nísàlẹ̀, ohun tí ẹ̀gbọ́n dẹ́rẹ́bà ṣàlàyé yẹn gan-an ni: géńdé mẹ́ta-mẹ́rin, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbé páìpù, irinṣẹ́ tí kò sí lábúlé. Èkejì ni Afridev, tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dìídì ṣe ìyẹn káwọn ará abúlé lè fi sípánà kan ṣoṣo tú u, kí wọ́n fa ọ̀pá inú rẹ̀ jáde láìfọwọ́ kan páìpù, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, kí wọ́n sì tún máa ponmi lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́ńtírátọ̀ yín tún kọ mí lóminú. Orí àpáta ni Òkè-Ògùn wà. Kì í ṣe gbogbo ibi téèyàn bá gbẹ́ ló ní omi. Inú ilẹ̀ rírà tó wà lórí àpáta àti ojú ibi tí àpáta ti sán ni omi ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó ní òun á gbẹ́ "mẹ́ta" kó tó gbé ẹ̀rọ wá yẹ ilẹ̀ wò, ẹnu ló fi ń gbẹ́ kànga. Kó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò. Kó gbẹ́ ẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, ní oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, nígbà tí omi ilẹ̀ ti sá lọ sísàlẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ lóṣù Keje, ẹ̀tàn ni. Kí wọ́n fa omi rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ láìdáwọ́ dúró, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á gbẹ.

Kẹ́ ẹ sì tọ́ ọ wò! Omi ibòmíràn máa ń kan díẹ̀, á jẹ páìpù irin, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á máa rùn bí ìṣó. Tí obìnrin bá fi fọ aṣọ funfun lẹ́ẹ̀kan péré, odò ló ń padà sí. Ẹ̀rọ á wà láàyè, kò ní sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Baba Wòran (Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 àárọ̀)

Ẹ̀yin yìí mà le o. Èmi rí fídíò kan nígbà kan, àwọn ọmọdé gun nǹkan kan tó ń yí pòòyì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń tú jáde. Ọmọ ń ṣeré, ìyá ń ponmi. Ẹ lọ ra ìyẹn, kó má sẹ́ni tí yóò làágùn.

Ọmọ Yorùbá Joburg (Ọjọ́ Ẹtì, 8:11 àárọ̀)

Baba Wòran, ẹ̀yìnkùlé mi níbí ni fídíò yín ti wá. PlayPump ló ń jẹ́. Trevor Field, oníṣẹ́ ìpolówó ọjà kan ní South Africa níbí, rí i lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é ní 1989, ó sì gbà á ṣe. Àgbá omi wà lókè, ìpolówó ọjà wà lára àgbá, wọ́n ní owó ìpolówó ni yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe. Ó dùn létí, àbí? Báńkì Àgbáyé fún wọn lẹ́bùn ní 2000. Ní 2006, Laura Bush, ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, kéde $16.4 mílíọ̀nù fún un ní ìpàdé àwọn aláàánú tí Bill Clinton ń pè. Wọ́n ní 4,000 làwọn á gbé kalẹ̀ kó tó di 2010.

Ọ̀kan ń ná wọn ní bí $14,000. Àjọ WaterAid ní ìlọ́po mẹ́rin owó kànga ọlọ́wọ́ nìyẹn. Ìwé ìròyìn Guardian ti London wá jókòó ṣírò rẹ̀ ní 2009: kí ẹ̀rọ kan tó lè fún 2,500 èèyàn lómi bí wọ́n ṣe ṣèlérí, àwọn ọmọdé ní láti máa ṣeré fún wákàtí 27 lójúmọ́. Ẹ gbọ́ o, 27! Ọmọ sì ń lọ sílé-ìwé, ó ń sùn, ó ń ṣàìsàn, eré kan náà sì máa ń sú u. Ní Mozambique, àwọn ìyá ló padà ń yí i. Ẹ wo ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó tẹ̀ kọdọrọ, tó ń ti ohun ìṣeré ọmọdé yí po kó tó lè rí omi sebẹ̀. Ibi tó wá dùn mí jù ni pé láwọn ibì kan, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó ti wà lórí kànga tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò kí wọ́n tó gbé e lé e.

Ohun kan tí mo gbé fìlà fún: Case Foundation tó wà lára àwọn tó náwó sí i jáde sọ ní gbangba ní 2010 pé kò rí bí àwọn ṣe rò. Mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn?

Ọmọ Ìdèrè (Ọjọ́ Ẹtì, 1:25 ọ̀sán)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná, ó ti ń di pé gbogbo àjọ aláàánú ni ayédèrú. Rárá o.

Ìdèrè n'Ìbàràpá ni ìyá mi ti wá. Ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn mọ sòbìyà. Aràn funfun bí òwú, á yọ lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa wé e mọ́ igi tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Tó bá já, ẹsẹ̀ á wú bí ìṣu. Bàbá ìyá mi kò lè dé oko odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Àwọn àgbà sì gbà pé sòbìyà wà lára oníkálùkù látilẹ̀wá bí iṣan, pé ẹni tó bá wù ú ló ń yọ lára rẹ̀.

Ní 1988, nígbà tí wọ́n kà á jákèjádò Nàìjíríà, ó lé ní 650,000 èèyàn. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní tó wa. Carter Center, àjọ tí Jimmy Carter dá sílẹ̀, wá bá ìjọba wa ṣe é. Kò sí oògùn tó ń wò ó, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí dòní. Asẹ́ ni wọ́n lò: aṣọ kíkúnná tí obìnrin máa fi bo ẹnu ìkòkò kó tó da omi sí i. Wọ́n ń da oògùn sí ọ̀gọ̀dọ̀ láti pa kòkòrò inú omi tó ń gbé e wọ ara ẹni tó bá mu ún. Wọ́n wá ní ẹnì kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ọmọ abúlé náà, tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń kà á, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù, tí kì í jẹ́ kí ẹni tó ní in ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ọ̀gágun Gowon fúnra rẹ̀ wọ inú abúlé kiri lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Enugu ni, ní 2008. Ní 2013, àjọ WHO kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Gbogbo ayé pọ̀, èèyàn 15 péré ló ní in ní 2024.

Àwọn ọmọ mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ sòbìyà. Mo ní láti yà á fún wọn lórí ìwé.

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 2:03 ọ̀sán)

Ọmọ Ìdèrè, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyẹn. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà. Sòbìyà ní òpin: wọ́n lé e, ó lọ, wọ́n kó ẹrù wọn. Òǹgbẹ kì í lọ. Ọdún wo ni abúlé máa mu omi tán tí àjọ á fi lè sọ pé iṣẹ́ ti parí?

Ọmọ Ìdèrè (Ọjọ́ Ẹtì, 2:20 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, mi ò jiyàn. Ẹni tó ń kà á lóṣooṣù ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi àjọ sílẹ̀. Ọmọ abúlé ni. Ta ló ń ka kànga Àǹtí Àbẹ̀kẹ́?

Àdùnní Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Ẹtì, 7:40 alẹ́)

Ẹ káalẹ́ o, láti Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Mo ní ohun kan láti fi kún un.

Ládùúgbò Ouando níbí ni Songhaï wà, ibùdó tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n sì ń kọ́ni. Nàìjíríà ni ẹni tó dá a sílẹ̀ ti wá, àlùfáà Kátólíìkì, Fáda Godfrey Nzamujo. California ló ti ń ṣe olùkọ́ nígbà tí ìyàn Etiópíà 1984 wà lórí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́. Kò rán ìrẹsì wá. Ó padà wá sí Áfíríkà, ìjọba Benin fún un ní hẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo, ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń bá ọmọnìkejì dù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1985 pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́.

Ẹ wá wo ibẹ̀ lónìí! Mo máa ń mú àlejò lọ. Ìgbẹ́ adìẹ àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ń lọ sínú kòtò, gáàsì tó jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná. Ìfun ẹran tí wọ́n pa, wọ́n fi sílẹ̀ kí eṣinṣin yé sí i, ìdin tó jáde di oúnjẹ ẹja. (Ẹ di imú yín kọjá níbẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹja náà dùn.) Omi odò ẹja ń lọ sóko ẹ̀fọ́. Koríko orí omi tó ń dí ojú odò wa pa, ajílẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀rọ fúnra wọn, tí ẹ̀rọ gàrí bá bàjẹ́, ẹni tó rọ ọ́ wà lọ́gbà. Wọ́n ń ta ọjà, wọ́n ní ilé oúnjẹ àti yàrá àlejò, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ àgbẹ̀ fún oṣù 18. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà á gẹ́gẹ́ bí ojúkò àwòkọ́ṣe fún Áfíríkà ní 2008.

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Rivers kọ́ tiwọn sí Bunu ní Tai, owó ńlá. Gómìnà yí padà, wọ́n pa á tì. Fáda kò ní hẹ́kítà tó tiwọn nígbà tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, lókè wa lọ́hùn-ún ní Kalalé, ní Borgou. Àjọ kan láti Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Solar Electric Light Fund gbé ẹ̀rọ omi olóòrùn lọ síbẹ̀ láti 2007, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní abúlé Bessassi àti Dunkassa. Wọn ò fi í sílẹ̀ fún mímu nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, bí 30 sí 35 nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan, ló ń fi omi náà gbin tòmátì, ilá, ata àti ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò sẹ́ni tó ní in lọ́jà. Omi ń kán sí ìdí ewéko díẹ̀díẹ̀ láti inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀, wọ́n ń ta ìyókù. Àbẹ̀kẹ́, ibi tí owó rọ́bà ẹ̀rọ tí kò tó ti adìẹ kan yẹn á ti máa wá nìyẹn.

Ọmọlúàbí Leeds (Ọjọ́ Ẹtì, 9:05 alẹ́)

Kékeré ni tèmi. Àǹtí, ṣé ẹgbẹ́ yín ti forúkọ sílẹ̀? Ní England, ẹgbẹ́ àánú tí owó tó ń wọlé fún un bá ti lé ní £5,000 lọ́dún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ tó ń mójú tó àwọn ẹgbẹ́ àánú. Gift Aid náà wà: tí ẹni tó ń san owó orí bá dá £1, ìjọba á fi 25p kún un. Tí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ lè ti máa jẹ̀bi, ẹ sì tún ń pàdánù.

Baba Wòran (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 àárọ̀)

Mo ti gbọ́ "ẹgbẹ́", "owó", "títà". Ṣé ẹ fẹ́ máa gba owó omi lọ́wọ́ ìyá arúgbó ni? Omi Ọlọ́run! Abúlé tí wọn kò ti rí ₦200 fi ra iyọ̀, ẹ ní kí wọ́n máa sanwó kẹ́ẹ̀gì. Èmi ò sí níbẹ̀ o.

Dẹ́rẹ́bà Àtijọ́ (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:52 àárọ̀)

Baba, òtítọ́ lẹ sọ, ọ̀rọ̀ náà sì le. Àmọ́ mo rí abúlé kan nígbà tí mo ń wakọ̀, kò jìnnà sí Ṣakí. Kànga wọn ti pé ọdún mọ́kànlá, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan ló di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Wọn kì í gba owó kẹ́ẹ̀gì. Nígbà ìkórè, ojúlé kọ̀ọ̀kan á mú kóńgò àgbàdo kan wá, wọ́n á tà á, owó á wọ inú agolo mílíìkì kan. Arúgbó àti ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í mú nǹkan kan wá, gbogbo èèyàn sì mọ̀ wọ́n. Mo bi í pé ta ló kọ́ wọn. Ó ní, "Ṣé ẹni tó ń dá èèsú nílò olùkọ́?"

Àbẹ̀kẹ́ Peckham (Ọjọ́ Àìkú, 8:33 alẹ́)

Ẹ ṣé gan-an. Mi ò lè sùn lóru Ẹtì, mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi nílé.

Mo béèrè ọ̀rọ̀ kànga tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́. Wọ́n ní ọdún kẹta ló kú. Ọmọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọjà ní òun lè tú u, òun ti wo orí rẹ̀. Àwọn àgbà ní kó má fọwọ́ kàn án, torí pé ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, tó bá ṣẹ́, ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn yẹn ní ti àjọ tó gbẹ́ ẹ ni. Nọ́ńbà tó wà lára pátákó kò lọ mọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé kì í ṣe tiyín ni?" Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dákẹ́, wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí."

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ sókè fún ẹgbẹ́ lónìí. Alága bínú. Ó ní ta ló máa ya fọ́tò rọ́bà. Ṣùgbọ́n a dìbò: a ó kọ́kọ́ jí òkú méjèèjì dìde. Owó díẹ̀ á lọ fún irinṣẹ́ àti fún kíkọ́ ọmọkùnrin ọlọ́kadà yẹn àtàwọn obìnrin méjì. A ó fi ìyókù yẹ ilẹ̀ wò ní oṣù Kejì, tí omi bá wà a ó gbẹ́ ẹyọ kan, a ó sì dá ọgbà ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìpàdé ìlú ni yóò sọ bí wọn yóò ṣe máa dá a, àgbàdo ni o, owó ni o. Ti Gift Aid, akọ̀wé ti ń wá fọ́ọ̀mù pẹ̀lú ìtìjú.

Ẹnjiníà, wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo sọ ọ́ di ńlá, mo rí i lára irin rẹ̀: INDIA MARK II.

Ẹnjiníà Olómi (Ọjọ́ Àìkú, 9:10 alẹ́)

Á fẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Mo mọ àwọn tó ń yáni n'Ìṣẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn dá fa páìpù o, ó lè já bọ́ sí ìsàlẹ̀, á wá di òkú tòótọ́. Tí wọ́n bá fà á jáde, kí wọ́n ya ìsàlẹ̀ páìpù fún mi. Tó bá ti pọ́n tó sì ti jẹ, a ó pààrọ̀ rẹ̀ sí oníke.

Baba Wòran (Ọjọ́ Àìkú, 9:31 alẹ́)

Èmi náà ti fi £20 ránṣẹ́ sí yín, ẹ má sọ fún ìyàwó mi. Ìbéèrè kan ló kù: ibo ni wọn yóò wá máa so ewúrẹ́ mọ́ báyìí?